Ìbẹ̀wò Mi sí Ihò Ńlá ti Kentucky

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Irú ọmọdé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti di bàbá ọmọ, mo sì ti di òṣìṣẹ́ ìjọba tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé ni mo ń ṣe, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní Ìsìpẹ́kítọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí kò ní ṣàì mọ bí àyà ṣe máa ń já nígbà tí a bá gbúròó ọkọ̀ Ìsìpẹ́kítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ẹni kan a máa nu pátákó, ẹni kan a máa wá ìwé orúkọ, ẹni kan a sì máa bá àwọn ọmọ wí láìṣẹ̀. Oko tí mo mọ̀ nígbà náà kò ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ohun tí kò bá ti sí láàárín ògiri mẹ́rin yẹn, n kì í kà á sí ẹ̀kọ́. Ibi tí mo ti rí oko ẹlòmíràn ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà, nínú ihò kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n kí n tó mú yín wọ inú ihò náà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí mo ṣe ní ọdún 2010, nígbà tí n kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ alábẹ̀wò. Mo dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan láìsọ tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo wọ kíláàsì karùn-ún, mo bá gbogbo àga ní òfìfo. Wọ́n ní olùkọ́ ti kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí àpáta kan tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Mo jókòó dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé, eruku ti bo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n mú ewé àti òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ wọn, ẹni tí ó fi nǹkan bí ogún ọdún jù mí lọ, fẹ́ ṣàlàyé fún mi pé òun ń fi bí òjò àti oòrùn ṣe ń sọ àpáta di iyẹ̀pẹ̀ hàn wọ́n. N kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó fi ibi tí ó kọ iṣẹ́ náà sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn mí. Kò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo bá kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé olùkọ́ náà pa iṣẹ́ tì ní àkókò iṣẹ́, ó sì ń kó àwọn ọmọ rìn kiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní ìgbèríko tí ó jìnnà sí ilé rẹ̀, ìgbéga tí ó ń retí ní ọdún náà kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èmi ní tèmi, mo sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ìjọba bí ó ti yẹ kí a ṣe é.

Ní ọdún 2012, ọ̀nà là fún mi láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Aya mi àti àwọn ọmọ wa méjì bá mi lọ. Nígbà tí ìgbà ooru wọn dé ní 2013, tí àwọn ọmọ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún mẹ́wàá, mú ìwé kan bọ̀ láti ilé ìkàwé, ó sì fi àwòrán ihò kan hàn mí. Orúkọ ihò náà ni Mammoth Cave, ó sì wà ní Kentucky tí ó múlé ti Indiana. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò tó san owó ilé ìtura fún ènìyàn mẹ́rin, nítorí náà ni ọmọ kíláàsì mi kan fi yá wa ní àgọ́ aláṣọ, ó ní ibùdó kan wà nítòsí ihò náà tí àwọn ìdílé máa ń pàgọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ yìí kò kọ́kọ́ yé ìyá àwọn ọmọ. Nílé wa, ẹni tí ó bá ní òun ń lọ sí àgọ́, àdúrà ni ó ń lọ gbà. Aya mi ní òun kò tíì gbọ́ ọ rí kí ènìyàn tí ó nílé fi owó ra oorun inú igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Abẹ́ igi ńláńlá ni ibùdó náà wà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ààyè tirẹ̀, pẹ̀lú tábìlì onípákó kan àti òrùka irin kan tí a ti ń dáná. Àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, àwọn àgbàlagbà ń sun ẹran, àgbọ̀nrín sì ń jẹ koríko létí ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀. Ẹni tí ó pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa wá bá mi fa okùn àgọ́, nítorí ó ti rí i pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò ju ọdún méje lọ ni ó fi bí a ṣe ń kan èèkàn rẹ̀ hàn mí. Bí Ìsìpẹ́kítọ̀ ṣe di ọmọ iléèwé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ohun kan wà tí a kò mọ̀ kí a tó dé. Aago ìhà ibi tí ihò náà wà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí aago ibi tí a ti wá. A ti sáré títí kí àkókò tí wọ́n dá fún wa má baà kọjá, àṣé wákàtí kan gbáko ni ó ṣẹ́kù. Ìyá àwọn ọmọ ní kí a máa rìn kiri. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan mú wa dé itẹ́ òkú kékeré kan láàárín igi. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí ó ga ju àwọn ìyókù lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé Stephen Bishop ni ó sùn síbẹ̀, pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọ̀nà han àwọn ènìyàn nínú ihò náà tí ó sì wá inú rẹ̀ rí, àti pé ní oṣù kẹfà ọdún 1859 ni ó kú. Mo kà á tán, mo yí padà. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ayé àtijọ́ ni.

Nígbà tí àkókò tó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ àwọn olùtọ́jú igbó ọba kó wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ihò. Ooru mú gan-an lóde, ṣùgbọ́n bí a ti ku ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ kí a dé ẹnu rẹ̀ ni atẹ́gùn tútù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lù wá láti inú ilẹ̀ wá. Afinimọ̀nà wa ní bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ṣe máa ń mí: bí ó bá gbóná lóde, atẹ́gùn tútù a máa jáde; bí òtútù bá mú lóde, ti òde ni yóò máa wọlé. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ̀n 54 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ni ó máa ń wà ní tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọkùnrin wa kékeré di ìyá rẹ̀ mú pinpin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ihò náà ṣe di ihò, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa. Òkúta ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá ń rọ̀, omi rẹ̀ a máa gba irú afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta mọ́ra láti ojú ọ̀run àti láti inú ilẹ̀, a sì di omi tí ó kan díẹ̀. Omi kíkan yìí a máa rin inú pàlàpálá òkúta lọ, a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí odò kan tí wọ́n ń pè ní Green River ti ń gbẹ́ àfonífojì rẹ̀ jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, tí ó ń fi ihò gbígbẹ sílẹ̀ lókè, tí ó sì ń gbẹ́ òmíràn nísàlẹ̀. Òkúta oníyanrìn tí ó le wà lórí gbogbo rẹ̀ bí òrùlé, òun ni kò jẹ́ kí ó wó. Ní àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ tí a ti wọ̀n ti lé ní 420 máìlì, kò sì sí ihò mìíràn tí a mọ̀ ní gbogbo ayé tí ó gùn tó o. Bí a bá fa okùn tààrà láti Èkó títí dé Kàdúná, okùn náà kò ní gùn tó ọ̀nà inú ihò náà. Ọdún 1941 ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ ibẹ̀ di igbó ọba, ọdún 1981 sì ni àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé.

A rìn fún nǹkan bí wákàtí méjì, ọ̀nà bí máìlì méjì. Gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí a wọ̀ ga, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn wa di kékeré. Àwọn àpótí onígi ńláńlá àti ọpọ́n omi tí wọ́n fi ìtì igi gbẹ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹrú adúláwọ̀ ni wọ́n lò wọ́n, ní àkókò ogun tí Amẹ́ríkà bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1812. Wọ́n ń fọ erùpẹ̀ inú ihò náà láti yọ iyọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, ìmọ́lẹ̀ iná àtùpà nìkan sì ni wọ́n fi ń ríran. Nígbà tí ogun parí, tí iyọ̀ náà kò lówó lórí mọ́, ihò náà di ibi ìran-wíwò. Láti 1816 ni àwọn àlejò ti ń san owó wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà ti fi ògùṣọ̀ ìfefe wọ inú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà wa ti dárúkọ Stephen Bishop. Ọmọbìnrin mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹni tí a rí lókè ni." Àṣé ẹrú ni ọkùnrin náà. Nígbà tí olówó rẹ̀, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Franklin Gorin, ra ihò náà ní 1838, ó mú Stephen wá síbẹ̀ láti máa mú àwọn àlejò kiri. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ní ọdún kejì, dókítà kan tí ń jẹ́ John Croghan ra ihò náà, ó sì ra Stephen mọ́ ọn, bí ẹní ra oko tí ó ra àdá pẹ̀lú rẹ̀.

A dé etí kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Kòtò Àìnísàlẹ̀. Lónìí afárá irin wà lórí rẹ̀, iná sì wà tí ènìyàn lè fi wo ìsàlẹ̀, èyí tí ó jìn ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nígbà tí Stephen débẹ̀, òkùnkùn nìkan ni ó wà, ibẹ̀ ni ìmọ̀ gbogbo ènìyàn sì ti parí. Ní 1838 yẹn náà ni ó sọdá rẹ̀, tí ó sì rí ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò mọ̀ pé ó wà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti rí odò abẹ́ ilẹ̀ àti ẹja funfun tí kò ní ojú, nítorí pé ojú kò wúlò fún ohun tí ń gbé inú òkùnkùn.

Afinimọ̀nà wa ní kí gbogbo wa dákẹ́, ó sì pa iná. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí òkùnkùn ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ní ìlú wa, tí kò sí òṣùpá. Ọ̀sán gangan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo gbé ọwọ́ mi sí iwájú ojú mi, n kò rí i. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbì kan. Lẹ́yìn náà ni afinimọ̀nà ṣá ìṣáná kan ṣoṣo, gbogbo ojú wa sì yí sí iná kékeré náà. Ó ní, "Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ni ó fi rìn."

Ọmọbìnrin mi kò lè pa á mọ́ra. Ó bèèrè pé, "Ta ni ó kọ́ ọ?"

Afinimọ̀nà wa ní kò lọ sí ilé-ìwé kankan. Ó ní àwọn àlejò máa ń fi èéfín àbẹ́là kọ orúkọ wọn sí àjà ihò náà, láti inú irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ àti láti ẹnu àwọn tí ó ń mú kiri ni Stephen ti kọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ tí ó fi èéfín kọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹrú yìí sì ń ṣàlàyé òkúta fún wọn, wọ́n ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ní 1842, wọ́n mú un lọ sí ilé olówó rẹ̀ ní Louisville, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ya àwòrán-ilẹ̀ gbogbo inú ihò náà láti orí rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tẹ àwòrán náà jáde lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Ẹ rò ó wò: ẹni tí òfin kò kà sí ẹni ara rẹ̀, òun ni a ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárín ọdún kan náà sí 1843, dókítà tí ó ni ihò náà rò pé atẹ́gùn ibẹ̀ yóò wo ikọ́ ẹ̀gbẹ sàn. Ó kọ́ ilé sínú ihò, ó sì kó àwọn aláìsàn síbẹ̀. Ara wọn kò yá; àwọn kan kú síbẹ̀, àwọn ìyókù jáde. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa dókítà náà fúnra rẹ̀ ní 1849. Méjì nínú àwọn ilé olókúta náà ṣì dúró títí di òní. Oníwèé ni dókítà, ó ka ìwé púpọ̀ ju Stephen lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, inú mi kò dùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

A gba ibi tóóró kan kọjá tí wọ́n ń pè ní Ìyà Ẹni Tó Sanra, ibẹ̀ ni ikùn mi sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ mi. A gun àtẹ̀gùn tí ó pọ̀ títí orúnkún wa fi ń gbọ̀n. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní kí a tẹ orí ẹní kan tí ó tutù fún oògùn ìfọ̀, nítorí àrùn kan ti wọ àárín àwọn àdán ibẹ̀ ní ọdún náà gan-an, wọn kò sì fẹ́ kí bàtà wa gbé e lọ sí ihò mìíràn. Kí a tó túká, afinimọ̀nà wa parí ìtàn rẹ̀. Ó ní Stephen gba òmìnira ní 1856, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìhágún dókítà ti là á sílẹ̀. Ó ti ń sọ fún àwọn àlejò tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ ra òmìnira aya òun Charlotte àti ọmọ àwọn, kí àwọn sì kọjá lọ sí Liberia, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Kò dé ibẹ̀. Ní 1857 ni ó kú, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Mo ní, "Ṣùgbọ́n 1859 ni ó wà lára òkúta." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọdún 1881 ni wọ́n tó gbé òkúta náà síbẹ̀, àti pé ẹni tí ó fín in ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà títí di òní.

Ní alẹ́ a dáná sínú òrùka irin náà, a sì sun àgbàdo. Àwọn ọmọ wọ inú àgọ́, wọ́n sùn. Mo ń sọ fún aya mi ohun tí mo kà ní ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò, nípa Mat Bransford àti Nick Bransford, àwọn ẹrú méjì mìíràn tí wọ́n bá Stephen ṣe iṣẹ́ náà. Ìran àwọn Bransford ń fi ọ̀nà han ènìyàn nínú ihò náà láti bàbá dé ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí ilé ìtura ibẹ̀ kò gba adúláwọ̀ láti sùn, ọmọ-ọmọ Mat kan àti aya rẹ̀ Zemmie ni wọ́n ṣí ilé ara wọn sílẹ̀ fún àwọn àlejò dúdú. Nígbà tí ìjọba gba ibẹ̀ tán, wọn kò gba ọ̀kankan nínú ìran náà sí iṣẹ́ afinimọ̀nà mọ́. Ó di ọdún 2004 kí ọmọ ìran wọn kan, Jerry Bransford, tó padà sídìí iṣẹ́ bàbá wọn. Mo wo àgọ́ wa àti àwọn àgọ́ tí ó yí wa ká. Bí ó bá ṣe pé ní ìgbà ayé Zemmie ni a wá, ilé rẹ̀ ni à bá wọ̀ sí.

Aya mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, olùkọ́ tí ẹ kọ ìwé nípa rẹ̀ níjọ́sí, tí ó kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí àpáta, níbo ni ó wà báyìí?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

"Ẹ kò bèèrè rí?"

"N kò bèèrè."

Kò wí nǹkan mìíràn. Ó da omi sí iná, ó wọlé lọ sùn. Èmi jókòó sóde títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ó ń dà mí láàmú láti inú ihò náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mú wa kiri kò ní pátákó, kò ní ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ ọmọ mi kọ́ ohun tí kò ní gbàgbé láé. Bí èmi bá lọ bẹ ẹ̀kọ́ náà wò bí mo ti ń bẹ àwọn mìíràn wò, n kò bá kọ ọ́ pé ó kó àwọn ènìyàn rìn kiri.

Ní 2014 mo padà sílé, mo sì wá olùkọ́ náà kiri. Ó ti pé ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì ní ìpele tí ó wà nígbà tí mo kọ ìwé nípa rẹ̀, orí ìpele náà ni wọ́n sì gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kà. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀ tí ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí títí kí ó tó mọ̀ mí.

Ó ní, "Ẹ dìde, Ìsìpẹ́kítọ̀. Ẹ má fi aṣọ yín nu ilẹ̀."

Mo sọ ohun tí ó gbé mi wá. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ owó kò ṣe é gbàgbé. Ọmọ mi kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ kò bi àwọn ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọn ì bá dá yín lóhùn."

Mo kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá mi, mo ní àṣìṣe ni ìròyìn mi ti 2010. Èsì tí ó padà wá ni pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìwé kejì yìí sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ṣe kò ju èyí lọ, n kò sì lè pè é ní àtúnṣe, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì ọkùnrin náà kò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Ní ọjọ́ tí mo lọ bá a, bí mo ti fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà. Ó ní, "Àpáta náà ńkọ́, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní rárá. Ojú tì mí. Ó sùn mí síbẹ̀, a sì lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú. Ó fi ibi tí gbòǹgbò igi ti la òkúta sí méjì hàn mí, ó fi ibi tí òjò ti gbẹ́ ojú àpáta di bí àwo hàn mí, ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí n fi ọmọ ìka mi fọ̀ ọ́ wò. Ó wá béèrè pé, "Kí ni ẹ rí?" Mo dáhùn. Ó ní, "Ó kù." Mo tún wò ó.

Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ilé-ìwé kan tí mo bá kíláàsì ní òfìfo, mo máa ń bèèrè ọ̀nà ibi tí wọ́n gbà, mo sì máa ń tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà mìíràn, lóòótọ́, ọ̀lẹ ni mo máa ń bá, tí ó kó àwọn ọmọ lọ sí oko rẹ̀ láti roko fún un, n kì í sì í ṣàìkọ èyí náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè. Ẹ̀yin alábẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ mi ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, òkè wà ní Ìdànrè, ihò Ogbunike wà ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ihò tí a gbẹ́ sínú òkúta sì wà ní Yankari ní ìhà Bauchi. Bí ẹ bá rí olùkọ́ tí ó kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó yọ kálàmù, ẹ bá wọn gòkè.